Ìdí Tí Àgbà Fi Ń Wo Ẹ̀yìn Bó Bá Ṣubú

Ẹ̀yin ọmọ mi, ó ti ṣe yín bíi kẹ́ ẹ béèrè rí, ìdí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn? Ẹ sún mọ́ mi. Ọ̀rọ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Láníyọnu ló bí i.

Orí òkè ni ilé-ìwé abúlé wọn wà. Nígbà tí Àwẹ̀ró, ọmọ rẹ̀ kékeré, fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé, bàbá ìyàwó Láníyọnu ní ẹsẹ̀ ọmọ náà ò lè gba òkè yẹn. "Bó bá fi sunkún lọ́nà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé kẹ́ ẹ pọ̀n òun, ọ̀dọ̀ mi nílùú ló ń bọ̀." Bẹ́ẹ̀ Láníyọnu ò lè sùn nínú ilé tí kò bá ti gbọ́ ohùn ọmọ yìí.

Ló bá ń jí ọmọ láràárọ̀, wọ́n á jọ máa sáré gun òkè, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè le, kó má máa tètè rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n eré ọmọ náà yà á lẹ́nu. Láníyọnu á máa sáré lọ ṣáá bí ẹni tí agbọ́n ń lé. Àwẹ̀ró á sáré fìì, á dúró wo ìjàlọ, á tún sáré fìì, á bẹ̀rẹ̀ ṣa òkúta.

"Àwẹ̀ró, eré tó ń dúró kì í ṣe eré."

"Bàbá mi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ò dúró, kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń mí fúkẹfúkẹ?"

Láníyọnu ń nu òógùn, ó ń bi ara rẹ̀ léèrè. Níbo gan-an ni ọmọdé ń kó èémí pamọ́ sí?

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ilé-ìwé pé. Bàbá ìyàwó mú ọ̀pá, ó ń tẹ̀lé wọn lẹ́yìn. Láàárín òkè, Àwẹ̀ró fẹsẹ̀ kọ gbòǹgbò, ó ṣubú gbì. Ó gbójú sókè, ó rí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níwájú, ó dìde, ó tún ki eré mọ́lẹ̀. Láníyọnu náà fẹsẹ̀ kọ gbòǹgbò kan náà. Òun ò wo iwájú rárá. Ẹ̀yìn ló wò, bóyá àna òun rí òun.

Àna rí i kedere. Ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó bá dojú bolẹ̀ níṣojú àna, ìdọ̀bálẹ̀ ni.

"Láníyọnu, mo rí i pé ò ń kí mi. Ṣé àtẹ́lẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń kí àna nílé tiyín ni?"

Ojú tì í. Kò lè dìde láìkí bàbá dáadáa, ló bá ń yí po níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí, kí orí rẹ̀ lè kọjú síbi tó yẹ. Ibi tó ti ń yí ni ilẹ̀ ti yọ̀ mọ́ ọn lábẹ́. Ó ń yọ̀ bọ̀ sísàlẹ̀ bí ọmọ tó jókòó sórí imọ̀ ọ̀pẹ.

"Ẹ káàárọ̀, bàbá. Ẹ káàárọ̀ o."

"Mo ti gbọ́. Dúró síbẹ̀, má kí mi mọ́."

Ó ti pẹ́ jù. Ó gbá bàbá lẹ́sẹ̀, bàbá jókòó lé e lẹ́yìn, àwọn méjèèjì sì bá a lọ gbuurugbu, ó di inú ẹrẹ̀ tí ẹlẹ́dẹ̀ ń sùn sí nísàlẹ̀ òkè.

Ohùn kékeré kan ké láti òkè téńté pé, "Bàbá mi, mo ti dé o. Ẹ̀yin ńkọ́?"

Bàbá ìyàwó nu ẹrẹ̀ kúrò lójú. "Jẹ́ kí ọmọ máa gbé ọ̀dọ̀ rẹ," ló wí. "Àwa gan-an la nílò ẹni tó máa pọ̀n wá."

Ohun tí wọ́n fi ń sọ ọ́ nìyẹn, pé bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn tó wò náà ló sì máa yọ̀ lọ.