Irun Kọ́ọ̀lù Tí Ó Gba Orúkọ Mi

Sátidé kan wà tí ọkàn mi kò ní jọ̀wọ́ rẹ̀ títí wọn yóò fi gbé mi sin. Ní ọjọ́ náà ni mo pàdánù orúkọ tí bàbá mi sọ mí. N kò sọ pé wọ́n ba orúkọ náà jẹ́ o. Ó sọnù ni, gẹ́gẹ́ bí abẹ́rẹ́ ṣe ń sọnù sínú iyanrìn. Bí ẹ bá dé Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà lónìí, tí ẹ sì fi orúkọ tí ó wà lára ìwé-ẹ̀rí mi béèrè mi, wọn yóò ní àwọn kò mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè Ológì, ọmọ ọdún mẹ́ta yóò fà yín lọ́wọ́ dé ilé àna mi. Mo ti pa ẹnu mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo wá rí i pé ìdákẹ́jẹ́ mi ni àwọn tí ó ṣe mí báyìí fi ń yan fanda kiri ìlú Òṣogbo. Ìdí nìyí tí mo fi mú gègé.

Láìpẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Olùkọ́ kẹ́mísírì ni mí nígbà náà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Òṣogbo. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ti kẹ́mísírì yìí sọ́kàn. Níwájú ni yóò ti kó ìtìjú bá mi. Mo ní àfẹ́sọ́nà kan, Tóyìn, nọ́ọ̀sì ní Iléṣà, ọmọ Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà. A ti dá ọjọ́ tí àwọn ẹbí mi yóò lọ mọ ẹbí rẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé tí ó ti fẹ̀yìntì ni bàbá rẹ̀, ògbólógbòó ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì tí ó lè wo bàtà ènìyàn kí ó sì sọ irú ilé tí ó ti jáde wá. Ó ti dá ọkùnrin kan padà ṣáájú mi nítorí pé onítọ̀hún wọ pálọ̀ láì nu ẹsẹ̀. Tóyìn kì mí nílọ̀ pé bí bàbá òun bá ti sọ pé rárá, kò sí ẹni tí í bẹ̀ ẹ́ kí ó gbà.

Ẹsẹ̀ mi mọ́, bàtà mi sì ń dán. Ibo ni orí mi ti wọ ọ̀rọ̀? Ẹ̀gbọ́n Tóyìn ọkùnrin ni ó ti Èkó dé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, pẹ̀lú irun tí wọ́n ń pè ní kọ́ọ̀lù. Wọ́n á gé ẹ̀gbẹ́ orí mọ́lẹ̀, wọ́n á dá àárín sí, wọ́n á fi ìpara olóró mú un rọ̀, wọ́n á ká a mọ́ róólà. Irun kíkì tí Ẹlẹ́dàá fún wa á wá wé lọ́ọ́lọ́ọ́ bí ìlẹ̀kẹ̀, á máa kán ọ̀rá sórí kọ́là. Tóyìn wò ó, ó ní, "Irun bọ̀dá yìí mà wuyì o." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti rí orí mi nínú dígí, ojú oko tí wọ́n ti kórè ni ó ń jọ lójú mi.

Músílíù, ọ̀rẹ́ mi tí ó ń kọ́ni ní ìtàn ní ilé-ìwé wa, ni ó gbà mí nímọ̀ràn. Ó ní ọkùnrin kan wà ní Alékúwodò tí ó kọ́ iṣẹ́ irun ní Èkó, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Dókítà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ ìmọ̀lẹ́bí gan-an ni a lọ. Wọ́n ya àwòrán ọkùnrin onírun wíwé sára pátákó iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ojú kan àwòrán náà kéré sí èkejì. Ó yẹ kí n ti kà á sí ìkìlọ̀.

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá tíṣà," ni Dókítà wí. "Irú èwo lẹ fẹ́? Ti olórin ni àbí ti òṣìṣẹ́ báńkì?"

"Ti ẹni tí ó ń lọ rí àna," Músílíù dá a lóhùn.

"Háà, ti àna lọ̀gá gbogbo wọn. Wákàtí méjì péré."

Ó gé ẹ̀gbẹ́ orí mi mọ́lẹ̀. Ó wá wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà, ó ṣí agolo, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kun orí mi. Mo mọ ohun tí ó wà nínú agolo náà. Mo ti kọ ọ́ sára pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin pé ó máa ń jẹ awọ ara, pé kí wọ́n má fi ọwọ́ lásán kàn án. Ọkùnrin tí ó bo ọwọ́ ara rẹ̀ kí ó má baà jó ni mo wá fi orí mi lé lọ́wọ́. Àwọn àgbà ní a kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Èmi olórí jókòó síbẹ̀ digbí, mo tilẹ̀ ń mi ẹsẹ̀.

Nígbà tí ó ṣe, mo ní, "Ó gbóná díẹ̀ o."

"Ó ń ṣiṣẹ́ ni."

"Dókítà, ó ń jó mi."

"Ẹwà ni, ọ̀gá. Ẹwà máa ń ta ènìyàn kí ó tó yọjú."

Nígbà tí omi jáde lójú mi, ó gbà pé ó tó ṣan. Ó gbé igbá, ó tì í bọ inú àgbá omi tí ó wà ní ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn, igbá náà sì ha ìsàlẹ̀ àgbá gbàràrà. Àgbá ṣófo. Dókítà yí ojú ká bí ẹni tí wọ́n jà lólè.

"Ta ló lo omi yìí?"

"Ìwọ ni," Músílíù wí. "Ṣebí nígbà tí a dé, alùpùpù rẹ lò ń fọ̀."

Ó sáré lọ sí ẹnu ẹ̀rọ omi ojú títì. Ẹ̀rọ kò sọ̀rọ̀. Orí mi ń jó bí ẹni pé wọ́n ń yan àgbàdo lórí rẹ̀. Nígbà náà ni ìmọ̀ mi, tí ó ti ń sùn láti òwúrọ̀, jí lójijì. Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù náà ni obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Síkírá ti ń ta ògì. Mo kígbe pé, "Omi ògì. Ẹ bá mi gba omi ògì. Ó kan, ásíìdì ni. Ásíìdì ni yóò pa oró ohun tí ó wà lórí mi."

"Ẹ̀yin lẹ kàwé," ni Dókítà wí, ó sì sáré lọ.

Ìyá Síkírá fúnra rẹ̀ ni ó ru ìkòkò dé. Ó wò mí títí. "Tíṣà, ibà ni mo mọ̀ tí wọ́n ń fi omi ògì wò. Orí tún ń ṣe báyìí?"

"Ẹ ṣáà dà á, mà."

Ó dà á. Òtítọ́ kò ṣeé fi pamọ́: ó ṣiṣẹ́. Lójú ẹsẹ̀ ni iná orí mi kú. Mo wo Músílíù bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹ̀bùn dá lọ́lá. Ohun tí n kò kíyè sí ni pé Ìyá Síkírá, nínú àánú rẹ̀, da ìkòkò náà dé ìsàlẹ̀. Ẹ sì mọ ohun tí ń bẹ ní ìsàlẹ̀ ìkòkò ológì. Omi nìkan ni mo béèrè.

Dókítà ká irun náà mọ́ róólà pẹ̀lú gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀, ó sì gbé orí mi sábẹ́ ẹ̀rọ tí ń gbẹ irun, èyí tí ó rí bí ìkòkò tí a dà bo ènìyàn. Iná máa ń lọ lójoojúmọ́ ní àdúgbò náà. Ní ọjọ́ yẹn, kò lọ. Ẹ̀yin tí ẹ ti ro ẹ̀kọ rí, ẹ kò nílò àlàyé. Ògì tí ó bá ti rí iná kò tún ní padà di omi mọ́. Ìdajì wákàtí ni mo fi jókòó tí ẹ̀kọ ń jiná lórí mi, èmi sì ń ka ìwé ìròyìn.

Nígbà tí Dókítà ní kí òun tú róólà, róólà kọ̀. Èyí tí ó gbà láti jáde ń mú irun dání bọ̀. Ọ̀kan tí àwọ̀ rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, tí ó wà ní ìpàkọ́ mi, fi àáké kọ́rí. Mo gbà kí wọ́n fún mi ní dígí. Bàbá bàbá mi ni ó ń wò mí láti inú rẹ̀: irun funfun báláú, ó wé, ó sì le gbagidi bí aṣọ tí wọ́n fi sítáàṣì sí ju bó ti yẹ lọ.

"Ó dì dáadáa," ni Dókítà wí. "Kò lè tú bọ̀rọ̀."

Mo wẹ̀yìn wò láti pe Músílíù. Kò sí Músílíù.

Àwọn ẹbí mi ti ń dúró dè mí ní ibùdókọ̀. Mo dé fìlà abetí-ajá mọ́lẹ̀ dé ìpéǹpéjú, mo sì wọ ọkọ̀. A kò tíì dé Iléṣà tí bàbá mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi imú gbóòórùn kiri.

"Kí ló ń rùn bí ògì yìí?"

"Bóyá ẹrù ẹnìkan ni," àbúrò rẹ̀ wí.

Èmi ń wo igbó lójú fèrèsé.

Nínú àgbàlá, lábẹ́ igi ọ̀rọ̀mbó, ni àwọn ẹbí Tóyìn jókòó sí. Ibẹ̀ ni mo ti rántí ohun tí ọmọ ọdún márùn-ún mọ̀: a kì í dé fìlà dọ̀bálẹ̀ fún àna. Mo dọ̀bálẹ̀ tòun ti fìlà. Àbúrò bàbá mi wúkọ́, ó ní, "Fìlà." Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Bàbá mi, ẹni tí kò fẹ́ ìtìjú rárá, na ọwọ́, ó sì ṣí i fúnra rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá Tóyìn obìnrin, tí gbogbo wọn ń pè ní Ìyá Àgbà, ni ó kọ́kọ́ fọhùn. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́. "Ẹ dìde, ẹ dìde, bàbá," ó ní. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ ó dọ̀bálẹ̀ fún wa. Ọmọ yín tó fẹ́ gbé ìyàwó ni kó jáde síta."

"Èmi ni ọkọ ìyàwó, mà."

"Hẹ̀n?" Ó kọjú sí àwọn ènìyàn rẹ̀. "Kò sí ọ̀dọ́mọkùnrin mọ́ ní Òṣogbo ni?"

N kò lè dìde, nítorí bàbá Tóyìn kò tíì ní kí n dìde. Bí mo ti wà ní ìdọ̀bálẹ̀ ni adìẹ ilé wọn kan yọ. Ó sún mọ́ mi, ó ṣá orí mi jẹ lẹ́ẹ̀kan, ó ronú sí i, ó wá pe àwọn ọmọ rẹ̀.

N kò ní sọ nípa ẹ̀rín tí wọ́n rín. Ẹ̀gbọ́n Tóyìn onírun kọ́ọ̀lù ni ó rẹ́rìn-ín jù. Bàbá rẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n pe Tóyìn jáde, kí ó wá sọ bóyá ó mọ àlejò, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Tóyìn wo adìẹ, ó wo róólà, ó wò mí.

"Tóyìn, o mọ ọkùnrin yìí?"

"Mo mọ̀ ọ́n, bàbá. Irun rẹ̀ ni mi ò mọ̀."

Mo bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti ilẹ̀: Dókítà, àgbá omi, alùpùpù, agbára tí ásíìdì ní. Bàbá náà gbé ọwọ́ sókè.

"Dúró ná. Iṣẹ́ wo ni wọ́n ní o ń ṣe?"

"Olùkọ́ kẹ́mísírì ni mí, sà."

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "O mọ ohun tó wà nínú ìpara náà kí o tó jókòó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"O sì jókòó."

Bí mo ti sùn sílẹ̀ yẹn, mo mọ̀ pé bí mo bá dá ẹlòmíràn lẹ́bi lẹ́ẹ̀kan sí i, n ó pàdánù Tóyìn. "Mo jókòó, sà," ni mo wí. "Mo fẹ́ kí irun mi wu Tóyìn ni."

Bàbá Tóyìn dá awò rẹ̀ padà sójú. "Bí ó bá ní òun kò mọ̀ ni," ó wí fún àwọn ẹbí rẹ̀, "ǹ bá dá a padà lónìí. Ẹ lé adìẹ yẹn. Ẹ gbé omi wá fún un."

Omi tí mo wá tì ní Òṣogbo ni mo rí ní Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà, garawa méjì. Tóyìn fọ orí náà. Ògì lọ, irun tẹ̀lé e. Wọ́n fi abẹ fá ìyókù kodoro. Nígbà tí mo padà dé Òṣogbo, aládùúgbò mi kan tí kò mọ bàbá mi rí orí fífá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi kẹ́dùn ikú bàbá mi. Bàbá mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń ṣe àmín.

Wọ́n fún mi ní Tóyìn. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú ni Ìyá Àgbà ti sọ mí ní Ológì, orúkọ náà kò sì kúrò mọ́. Nígbà tí ìyá náà fi ayé sílẹ̀, tí wọ́n tẹ orúkọ àwọn àna sínú ìwé ètò ìsìnkú rẹ̀, "Ọ̀gbẹ́ni Ológì" ni wọ́n kọ. Mo ní ẹ̀dà rẹ̀ nílé.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò gùn: ìmọ̀ tí a fi sílẹ̀ sára pátákó ilé-ìwé kò lè gba orí ẹni tí ó ń wá ẹwà sílẹ̀. Mo ń rẹ́rìn-ín bí mo ti ń kọ èyí, àpá ibi tí ìpara ti jó àtàrí mi sì ń yún mi. Síbẹ̀, ẹ̀rín kò pa ẹjọ́. Kí Dókítà dáhùn: kí ló dé tí ọwọ́ rẹ̀ fi ní ìbọ̀wọ́, tí alùpùpù rẹ̀ rí omi, tí orí mi kò rí nǹkan kan? Kí Ìyá Síkírá dáhùn: ta ni ó ní kí ó da ìkòkò dé ìsàlẹ̀? Kí Músílíù sọ ibi tí ó gbà lọ. Tóyìn ní ẹnìkan ṣẹ́kù tí mi ò dárúkọ. Ìyẹn ti dáhùn tirẹ̀ ní gbangba, ní ìdọ̀bálẹ̀, pẹ̀lú adìẹ lórí. Àwọn mẹ́ta yòókù ni mo ń dúró dè. Bí Dókítà bá sì ń bọ̀, kí ó pọn omi dání.