Ipa Pàtàkì Tí Tádé Kó

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ fún yín kí ẹ tó bá a pàdé: Tádé kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹnu rẹ̀ ni kò ní bíréèkì. Tó bá ra kóòtù òtútù ní ẹ̀dínwó, á ní òun ni wọ́n dìídì rán an fún. Tó bá tún kọ̀ǹpútà kan ṣe níbi iṣẹ́, gbogbo àdúgbò wọn ní Saddle Ridge ló máa gbọ́ pé bí kì í bá ṣe tòun ni, ilé iṣẹ́ ọ̀hún ì bá ti kógbá wọlé. Dóyin ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn Seton, máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ ọkọ òun dà bí ẹ̀fọ́ tútù: tó bá ti kan iná, ìwọ̀nba ló máa ń ṣẹ́ kù.

Ní January, àwọn kan wá ya fíìmù ọ̀daràn fún tẹlifíṣọ̀n lẹ́yìn ìlú. Fíìmù náà ò lówó lọ́wọ́ rárá. Ọlọ́pàá méjì ló ń pín fìlà kan lò! Wọ́n ń wá èèyàn tó máa bá wọn kún inú fíìmù, Tádé lọ, wọ́n sì mú un.

Bó ṣe wọlé lọ́jọ́ tí wọ́n ya tirẹ̀, òtútù mú kó máa gbọ̀n bí ewé, síbẹ̀ ẹnu rẹ̀ ò gbọ̀n.

"Dóyin, ọkọ ẹ ti di òṣèré! Bí wọ́n bá yọ mí kúrò nínú fíìmù yẹn, kò sí fíìmù mọ́!"

Kò sì purọ́ o. Ẹ máa gbọ́.

Nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n gbé e sáfẹ́fẹ́, Tádé ti fi tó gbogbo ayé létí. Ẹ̀gbọ́n Fọlọ́runṣọ́, àgbà láàárín wọn, ẹnjiníà tí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ fẹ̀ bí ibùsùn, ní kí Tádé àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá wò ó nílé òun ní àdúgbò Mahogany. Ìrọ̀lẹ́ Saturday, Tádé dé pẹ̀lú awò dúdú lójú. Ó jókòó sórí àga baálé ilé gan-an. Kí wọ́n tó tan fíìmù, ó dìde, ó wúkọ́.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, lánàá ni mo sọ fún ọ̀gá mi pé mo ti fi iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sílẹ̀. Apá kejì ń bọ̀, mi ò ní ráyè."

Ife ọwọ́ Dóyin fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. "O sọ fún ta ni?"

"Ọ̀gá mi."

"O sọ fún ọ̀gá ẹ kí o tó sọ fún mi? Ta ló máa san owó daycare tí wọ́n ti ń bá wa tọ́jú ọmọ?"

"Dóyin, òṣèré kì í sọ̀rọ̀ daycare níwájú èrò."

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan ń fa ajá rẹ̀ lọ nínú snow, ló bá figbe ta. Tádé rèé nílẹ̀, ojú rẹ̀ wo òkè, nǹkan pupa bí ọbẹ̀ ata wà láyà rẹ̀. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Wọ́n dúró kó dìde. Kò dìde.

Akínbámi, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló kọ́kọ́ béèrè. "Tádé, ṣé wàá jí ṣá?"

"Ẹ ní sùúrù!"

Suliat, aládùúgbò wọn, nàka. "Ẹ wò ó! Èéfín ń jáde nímú òkú!"

Lóòótọ́ ni. Òtútù ọjọ́ náà mú débi pé bí Tádé ṣe ń mí, bẹ́ẹ̀ ni èéfín ń rú fùù bí ìkòkò ìrẹsì. Ọmọbìnrin ẹ̀gbọ́n rò pé òkú ń fa sìgá ni, ó yíjú sí bàbá rẹ̀: "Dad, is the dead guy vaping?"

Nínú fíìmù, ọlọ́pàá onífìlà kúnlẹ̀, ó fọwọ́ kan ọrùn òkú, ó ní ọkùnrin yìí ti kú láti àná. Fùù! Èéfín bo awò ojú ọlọ́pàá.

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, à máa ríran. Tádé fi tiẹ̀ kún un: bí a bá kú, à máa mí.

"Ẹ̀yin ẹ lọ sùn nínú snow, ẹ wò ó bóyá ẹ ò ní mí!" ni Tádé ń wí. Wọ́n fi aṣọ bò ó nínú fíìmù, ipa rẹ̀ parí nìyẹn. Wọn ò rí i mọ́ títí fíìmù fi tán.

Suliat mú fóònù, ó lọ síbi tí àwọn olùwòran ti ń sọ èrò wọn. "Ẹnì kan ní, 'Mo ti mọ apànìyàn yìí kí wọ́n tó pa ẹnikẹ́ni.' Ẹlòmíràn ní, 'Nínú gbogbo òṣèré ibẹ̀, òkú nìkan ló ní ẹ̀mí.'"

Tádé fò sókè. "Ẹ gbọ́! Àwọn olùwòran ti dájọ́!"

Àánú rẹ̀ ṣe wọ́n, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé yẹ̀yẹ́ ni.

"Òmíràn tún rèé: 'Iṣẹ́ ribiribi! Ẹ fún òkú yìí ní àmì ẹ̀yẹ!' Ẹni tó kọ ọ́ ni..." Suliat gbójú sókè. "Dóyin?"

"Èmi kẹ̀? Mi ò kọ nǹkan kan."

"Àárọ̀ yìí ni wọ́n kọ ọ́. Fíìmù ò sì tíì jáde láàárọ̀!"

Gbogbo ojú bọ́ sára Tádé. Ó bọ́ awò dúdú, ó ń nù ún. "Fóònù ẹ ló wà nítòsí mi," ló sọ fún ìyàwó rẹ̀.

Akínbámi ò jẹ́ kó sinmi. "Apá kejì yẹn ńkọ́, ṣé ó dájú?"

Inú bí Tádé. Ó pe obìnrin tó gbà wọ́n síṣẹ́ fíìmù náà, ó sì gbé ohùn fóònù síta kí gbogbo ilé lè gbọ́. Ó ní Tádé ni, òṣèré.

"Who?"

"The dead man! In the snow!"

"Oh! The breather!"

Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí. Ó ní kó má bínú, àwọn ti ra ọmọláńgidi fún apá kejì, ó mọ òkú ṣe jù ú lọ.

Ẹ̀gbọ́n Fọlọ́runṣọ́ mi orí. "Àbúrò, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni òkú ní láyé yìí."

Dóyin ló wakọ̀ padà sílé. Ní Monday, Tádé wọ inú ọ́fíìsì ọ̀gá rẹ̀ bí ẹni ń lọ gba abẹ́rẹ́. Ó bẹ̀bẹ̀, ó ní iṣẹ́ èṣù ni, ó ní kí wọ́n dákun má tíì fún ẹlòmíràn ní ipò òun.

Ọ̀gá ní kó jókòó. "Mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹlòmíràn, ṣùgbọ́n ìyàwó mi ní ká kọ́kọ́ wo fíìmù yẹn ná."

Ojú Tádé tàn. "Ẹ wò ó, sà?"

"A wò ó," ni ọ̀gá wí. "Ni mi ò bá wá ẹnikẹ́ni mọ́."