Fọ́tò Olóyè Adéjàre Kò Dára Tó

Ẹni tó bá ń gbé Ìkìrun tí kò tíì gbọ́ nípa Olóyè Adéjàre, adití ni, torí Olóyè fúnra rẹ̀ kì í sinmi lórí ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Fìlà méjì ló máa ń mú jáde: ọ̀kan fún orí, ọ̀kan fún fọ́tò. Èmi ti fún un ní oríkì tèmi: A-gba-tuntun-dá-ògbólógbòó-padà.

Iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Á ra fáànù tuntun lónìí. Lọ́la, á ti fáànù kan tó ti dípẹtà, tí àwọn tó ń tún fáànù ṣe ti jù nù, sínú páálí tuntun, á gbé e padà wá. "Èyí tí ẹ tà fún mi ò ṣiṣẹ́. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀." Ta ló fẹ́ bá olóyè jiyàn? Bó ṣe sanwó ẹyọ kan gba méjì nìyẹn. Á ta ọ̀kan, ìkejì á di tiẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó kù díẹ̀ kó ba ti Morádéyọ̀, tó ń ta fáànù ní Ìníṣà, jẹ́ pátápátá. Nígbà tó dá ògbólógbòó náà padà, ọ̀gá tó ń kó fáànù fún un láti Ìbàdàn ní Morádéyọ̀ gan-an ló ń pààrọ̀ wọn. "Tí o ò bá mú ẹni tó ṣe é wá, mi ò kó ọjà fún ọ mọ́." Obìnrin náà kọ ọ́ sórí wásáàpù àwọn tó ń ta fáànù ní Ìkìrun, Ìníṣà àti Òkukù, tí ọ̀gá náà wà níbẹ̀. Ará Òkukù kan dáhùn pé wọ́n ti ṣe òun náà bẹ́ẹ̀. Bọ́ládélé, tó ní ṣọ́ọ̀bù n'Íkìrun, mọ bàbá tí wọ́n ń sọ, ó fi fọ́tò ránṣẹ́: Olóyè rèé, kò dé fìlà, àkàrà kún ẹnu rẹ̀ bámúbámú. Ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ ṣọ́ra fún bàbá yìí. Ó ti lu ṣọ́ọ̀bù méjì ní jìbìtì."

Ẹnìkan fi í han Olóyè. Inú bí i débi pé ó wọkọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù Morádéyọ̀ ní Ìníṣà lọ́sàn-án gangan, ó há fọ́tò ara rẹ̀ ńlá kan mọ́ abíyá. Ojú èmi tí mo wá ra gúlóòbù ló ṣe.

"Ṣé èmi ló wà nínú fọ́tò yẹn?"

"Ẹ má bínú, bàbá. Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin ni?"

"Èmi ni. Ṣùgbọ́n ṣé bí mo ṣe rí nìyẹn? Ẹ fi èyí rọ́pò rẹ̀. Ẹ tún kọ ṣọ́ọ̀bù méjì. Ìwọ̀sí gbáà. Méje ni."

Èrò ti ń pé jọ. Morádéyọ̀ tẹ ibi tí wọ́n ti ń gba ohùn lórí wásáàpù, ó rọra na fóònù sí i. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ ọ́ síbí, kí wọ́n má baà tún ṣì í kọ."

Olóyè wúkọ́. Ó tún fìlà ṣe, bí ẹni pé fóònù ń wo òun. "Èmi, Olóyè Adéjàre, ni mo fi ògbólógbòó gba fáànù tuntun méje. Kò sẹ́ni tó ràn mí lọ́wọ́."

Kò pẹ́ tí ọ̀gá fi dáhùn láti Ìbàdàn. "Morádéyọ̀, jọ̀ọ́, má bínú sí mi. Níbo làwọn fáànù náà wà?"

"Pálọ̀ mi ni," Olóyè dáhùn, "kí àlejò lè máa rí wọn."

La bá kó sí bọ́ọ̀sì pẹ̀lú rẹ̀, ó di Ìkìrun. Fáànù méje tò lọ rẹrẹ ní pálọ̀, ọ̀rá ṣì wà lára wọn. Bọ́ládélé, tó ti wá pàdé wa níbẹ̀, tẹ ọ̀kan, kò yí. Ó tẹ ìkejì. Ìyàwó Olóyè sọ̀rọ̀ láti ilé ìdáná pé, "Ẹ má wulẹ̀ dara yín láàmú. Wọ́n ti gé iná wa láti èṣí."

Lójú gbogbo àdúgbò ni wọ́n ti kó wọn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan. Òógùn bo Olóyè. "Ẹ fi ẹyọ kan ṣoṣo sílẹ̀, nítorí àlejò."

Ìyàwó rẹ̀ jáde, ó na abẹ̀bẹ̀ sí i. "Ẹ gbà, ẹ máa fẹ́ra. Èyí, kò sẹ́ni tó máa wá gbà á."