Bí Làpálàpá Ṣe Wọ Irùngbọ̀n Mo-ti-mọ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, àìsàn tó ń ṣe aládùúgbò mi, kò tíì sí abẹ́rẹ́ rẹ̀: ó mọ gbogbo nǹkan. Akunlé ni, ọ̀dà ló ń kùn jẹun, ó sì mọ̀ ọ́n kùn. Ká ní ibẹ̀ ló dúró sí ni, ǹ bá má rí ìtàn sọ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá pe ẹni tó ń tún iná ṣe, òun ni yóò júwe ibi tí iná gbà wọlé. Bí télọ̀ bá ń ránṣọ, á ní abẹ́rẹ́ ti kọrí síbi tí kò yẹ. Ó ti bá ìyá tó bí i jiyàn rí lórí ọjọ́ tí wọ́n bí òun! Kí o tó la ẹnu, á ti ní, “Mo ti mọ̀.” Ni a bá kúkú ń pè é ní Mo-ti-mọ̀. Inú rẹ̀ dùn sí orúkọ náà. Ó ní òun ti mọ̀ pé ohun tí a máa pe òun nìyẹn.

Ó ní irùngbọ̀n kan tó kún bí ìgbálẹ̀ tuntun, tó máa ń fi òróró pa kó tó jáde. Ó sì ní ọmọbìnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Pẹ́pẹ́yẹ nítorí bó ṣe ń fi ìdí rìn. Àyà bàbá rẹ̀ ni Pẹ́pẹ́yẹ máa ń sùn sí lọ́sàn-án, á ti orí rẹ̀ bọ abẹ́ irùngbọ̀n náà bí ẹni tó rí ibòji.

Ní ọjọ́ kan tí ìyá ọmọ ń tú irun fún un, ó rí ojú kan tó rí róbótó ní àtàrí rẹ̀. Irun ibẹ̀ ti kán kúrúkúrú, èépá funfun ti bò ó. Pẹ́pẹ́yẹ sì ń họ orí bí ẹni tí wọ́n gbéṣẹ́ fún.

“Bàbá Pẹ́pẹ́yẹ, ẹ wá wo orí ọmọ yìí. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ọsibítù.”

“Mo ti mọ̀! Làpálàpá ni. Kí ni làpálàpá fẹ́ lọ ṣe ní ọsibítù? Ṣé wọ́n ránṣẹ́ pè é ni? Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ̀tẹ̀ dà? Ẹ̀tẹ̀ ò tíì dé. Kí làpálàpá ní sùúrù!”

“Ìtumọ̀ òwe náà kọ́ nìyẹn o.”

“Àgbà kì í wà nílé kí orí ọmọ ó máa yún. Èmi àgbà rèé nílé. Ìwọ wò ó, awọ ara, ògiri ni. Ògiri tó bá ń ṣí, a ó ha á, a ó kùn ún, ó parí.”

Ó lọ ra ìpara. Ẹ má rò pé ìka ló fi pa á o! Búrọ́ọ̀ṣì ló mú, búrọ́ọ̀ṣì tuntun tí kò tíì kan ọ̀dà rí. Á kùn ún, á sún sẹ́yìn, á di ojú kan wò ó bóyá ó tẹ́jú. “Ìpele àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ gbẹ ná,” ló ń wí. Pẹ́pẹ́yẹ jókòó sórí àpótí, ó ń dán gbinrin bí ilé tí wọ́n fẹ́ fi háyà.

Ojú kan di ojú mẹ́ta. Mo-ti-mọ̀ ní òògùn ló ń lé e jáde. Ojú mẹ́ta di márùn-ún. Ó ní ẹ ò rí i bó ṣe ń sá kiri, ẹ̀rù ti ń bà á. Nígbà tí ibì kan wú lórí ọmọ, tó dùn ún débi pé kò lè fi orí kan ìrọ̀rí, ìyá rẹ̀ ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn mọ́. Ó pọn ọmọ, ó di ọ̀nà ọsibítù. Mo-ti-mọ̀ tẹ̀ lé wọn, kí wọ́n má baà tan ìyàwó òun jẹ.

Èmi ni mo fi mọ́tò mi gbé wọn, nítorí náà ohun tójú mi rí ni mò ń sọ.

Dókítà obìnrin kan ló gbà wá, ẹni jẹ́jẹ́. Ó yẹ orí ọmọ wò, ó fa irun díẹ̀, ó sì rọra ha èépá díẹ̀ sínú abọ́ kékeré kan.

“Mo ti mọ̀!” ni Mo-ti-mọ̀ ké. “Ẹ fẹ́ ha á kí ẹ tó kùn ún!”

“A ò ní kùn nǹkan kan, bàbá. Mímu ni òògùn tirẹ̀.”

“Mímu kẹ̀? Orí ló ń yún ọmọ, ẹnu lẹ ń fún lóògùn! Bí òrùlé bá ń jò, ṣé ẹnu ọ̀nà la ń tún ṣe?”

Dókítà ò bínú. “Bàbá, ohun tó ń mú kí búrẹ́dì bu, ẹbí rẹ̀ ló wà lórí ọmọ yín. Ó ti wọ gbòǹgbò irun lọ. Ìpara kì í débẹ̀, orí awọ ló ń mọ. Òògùn tó bá gba ẹnu wọlé, inú ẹ̀jẹ̀ ló máa gbà bá a ní gbòǹgbò. Ẹ ti gbọ́ pé bí ẹnú bá jẹ, ojú á tì? Ti làpálàpá orí yàtọ̀: bí ẹnú bá mu, orí á yá.”

Wọ́n gbé Pẹ́pẹ́yẹ lé ìwọ̀n, torí bí ọmọ bá ṣe tẹ̀wọ̀n sí ni wọ́n fi ń wọn òògùn fún un. Dókítà ní kó máa mu ún lójoojúmọ́ lẹ́yìn oúnjẹ, kí wọ́n fi mílíìkì tẹ̀ lé e, kí wọ́n má sì dá a dúró nítorí pé irun ti ń hù. Ó máa gbà tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá a lo kóòmù, fìlà tàbí ìrọ̀rí.

Ìyá ọmọ ń gbọ́, ó ń mi orí. Bàbá ọmọ ti jáde! Ó ti dúró sáàárín àwọn ìyá ọlọ́mọ tó wà lórí bẹ́ǹṣì, ó ń wàásù.

“Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín o! Awọ ara, ògiri ni! Ta ló ń bu ọ̀dà fún ògiri mu?” Ó ń fọ́nnu, ó ń họ irùngbọ̀n. Ó họ ọ́ lọ́tùn-ún, ó họ ọ́ lósì. Dókítà ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó.

“Bàbá, kí ló ń ṣe irùngbọ̀n yín?”

“Ooru ni.”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àgbọ̀n yín sókè.”

Ó gbé e sókè. Dókítà fi ọwọ́ ya irun náà. Làpálàpá ló wà níbẹ̀, ó rí róbótó bí ìdérí ìgò, ó jókòó pẹ̀sẹ̀ bí onílé!

“Yéè!” ni ìyá kan lórí bẹ́ǹṣì wí. “Ògiri tiyín náà ti ń ṣí o!”

Ilé kún fún ẹ̀rín. Dókítà ní irùngbọ̀n náà gbọ́dọ̀ kúrò, àti pé Mo-ti-mọ̀ náà yóò máa gbé òògùn oníhóró mì. Ibẹ̀ ni ọkùnrin náà ti rọra jókòó, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Ìyàwó rẹ̀ ló bá a sọ ọ́.

“Dókítà, kò lè gbé e mì. Látìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ, bí orí bá ń fọ́ ọ, á ní kí n fi òògùn náà sábẹ́ ìrọ̀rí, pé yóò bá òun gba etí wọlé.”

Háà! Ìdí abájọ!

Wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Irùngbọ̀n Mo-ti-mọ̀ tí wọ́n fá, ẹ̀rín ló bù sí i. Àgbọ̀n tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò ju ẹyin àparò lọ. Oníbàárà kan wá, ó ní, “Ọmọ dáadáa, ọ̀gá rẹ ńkọ́?” Ìyá rẹ̀ gan-an wá kí wọn, ó wò ó títí, ó wá bi ìyàwó léèrè pé, “Àlejò wo rèé?”

Ti òògùn ló wá burú jù. Pẹ́pẹ́yẹ á mu tirẹ̀, olómi ni, á fi mílíìkì lé e, á lá ètè. Bàbá rẹ̀ á gbé hóró kan sórí ahọ́n, á gbé omi lé e: omi á lọ, hóró á dúró. Wọ́n fi búrẹ́dì wé e: búrẹ́dì lọ, hóró padà wá kí eyín. Ògiri kan ló là wá láàárín, mo ń gbọ́ wọn.

“Ẹ gbé e mì!”

“Mo ti mọ̀!”

“Ṣé ó ti lọ?”

“Ó ti dé!”

Lọ́jọ́ kan ó húkọ́, hóró náà gba ojú fèrèsé jáde, ó bà mí níwájú orí níbi tí mo ti ń sá aṣọ.

Àfi bí ariwo ṣe dákẹ́ lójijì. Lójoojúmọ́, wẹ́rẹ́, òògùn ti wọlé. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní ìgboyà ni. Mo kí i kú oríire, mo sì gbà á gbọ́.

Nígbà tí a padà sọ́dọ̀ dókítà, irun ti bo orí Pẹ́pẹ́yẹ, dúdú, ó rọ̀. Ìyá rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, omi ń yọ lójú rẹ̀. Mo-ti-mọ̀ ti kọjú sí àwọn ará bẹ́ǹṣì.

“Ẹ ò rí i? Mo ti mọ̀ látìbẹ̀rẹ̀ pé mímu ni! Àwọn aláìmọ̀kan ló ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún!”

“Ẹ kú iṣẹ́, bàbá,” ni dókítà wí. “Tiyín ńkọ́? Báwo lẹ ṣe wá ń gbé e mì?”

“Èmi? Ọ̀fun mi, páìpù ni. Mo kàn ń jù ú sẹ́nu ni, gbìn! Ọkùnrin ni mí!”

Pẹ́pẹ́yẹ sọ̀ kalẹ̀ lórí àga. Ó pa ìka méjì pọ̀ bí ẹni mú nǹkan, ó na apá sókè, ó ń fì í bọ̀ wá sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀ bí ọkọ̀ òfurufú.

“Fùùùù! Bàálù ń bọ̀ o! Ilẹ̀kùn dà?”

Kí Mo-ti-mọ̀ tó mọ̀, ojú rẹ̀ ti dì, ẹnu rẹ̀ sì ti là gbàgà lójú gbogbo wa.