Bí Mo Ṣe Ń Fún Fíìmù Ní Máàkì

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí mi ò rò pé yóò kúrò lọ́kàn mi títí ayé, bí mo tilẹ̀ ti gbàgbé orúkọ fíìmù tó dá gbogbo wàhálà náà sílẹ̀. Fíìmù ọ̀hún kò dáa tó. Ìyẹn dá mi lójú, torí èmi fúnra mi ni mo fún un ní máàkì.

Aránṣọ ni mí. Lásìkò tí mò ń sọ yìí, oṣù mẹ́jọ péré ni mo tíì lò ní Mowe. Ajuwọn ni mo ti kó wá, níbi tí àwọn oníbàárà ti mọ ọwọ́ mi. Ní Mowe, ẹnikẹ́ni kò mọ̀ mí. Síìpù ni mò ń pààrọ̀, ṣòkòtò ni mò ń gé kúrú. Láti fi pa ìdákẹ́rọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, mo máa ń gbé fóònù mi ti ara maṣíìnì, mo á máa wo fíìmù Yorùbá bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́.

Èmi kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ mo fẹ́ràn kí nǹkan gún régé. Lọ́dọ̀ mi, inṣì mẹ́rìndínlógójì kì í ṣe inṣì mẹ́tàdínlógójì. Ìdí nìyẹn tí inú mi kì í fi í dùn tí ẹnìkan bá bi mí pé báwo ni fíìmù kan ṣe rí, tí mo sì dáhùn pé ó dùn. Ó dùn tó kí ni? Mo bá pinnu pé màá máa fún wọn ní máàkì, kí n lè mọ ibi tí èyí fi ju ìyẹn lọ.

Ìyá Mùtíátù, ẹgbẹ́ mi tó ń ta ẹyin ní ṣọ́ọ̀bù tó kángun sí tèmi, kò rí ìdí tí mo fi ń dààmú ara mi.

"Ẹyin tó dáa, ó dáa. Èyí tó bàjẹ́, ó bàjẹ́," ló wí. "Fi ẹyin tó gba mẹ́rin nínú mẹ́wàá hàn mí kí n dín in."

Inú ìwé ni mo kọ́kọ́ ń kọ máàkì náà sí, ṣùgbọ́n òróró maṣíìnì ba ìwé jẹ́. Mo bá gé sitéè, aṣọ funfun gbagidi yẹn tí àwa aránṣọ máa ń fi áyọ́ọ̀nù lẹ̀ mọ́ inú kọ́là kó lè dúró. Mo kàn án mọ́ ògiri, mo sì ń fi máákà dúdú kọ orúkọ fíìmù, ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa rẹ̀, àti máàkì rẹ̀. Lórí mẹ́wàá ni mo bẹ̀rẹ̀. Olùkọ́ kan tó kọ́ wa nílé-ẹ̀kọ́ girama máa ń sọ pé mẹ́wàá, ti Ọlọ́run ni. Mẹ́sàn-án, ti olùkọ́. Ọmọ tó bá sapá gan-an ló lè rí mẹ́jọ. Lójú tèmi, àwọn òṣèré wa kò tíì sapá tó bẹ́ẹ̀. Mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún ni mò ń pín kiri, inú mi sì ń dùn bí ẹni tó ń ṣe ìdájọ́ òdodo.

Lọ́jọ́ kan, Ìyá Mùtíátù wọlé wá yá àga. Ó gbójú sókè, ó rí i pé fíìmù tó sunkún lé lórí títí ojú rẹ̀ fi wú, mẹ́ta ló gbà. Ó gbé àga, ó jáde. Fún ọjọ́ méjì gbáko, bí mo bá ní ṣé dáadáa ló jí, á wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, á ní, "Mẹ́ta nínú mẹ́wàá."

Mo rí i pé òṣùwọ̀n mẹ́wàá yìí yóò gba ọ̀rẹ́ kan ṣoṣo tí mo ní ní Mowe lọ́wọ́ mi. Mo já sitéè náà kúrò lára ògiri, mo ká a, mo sì sọ ọ́ sínú àpò àkékù aṣọ, torí aránṣọ kì í da sitéè nù.

Òṣùwọ̀n kejì tí mo ronú kàn, mo gbà pé kò sẹ́ni tó lè bá mi jiyàn lé e lórí. Mo ti ṣàkíyèsí pé bí fíìmù bá dùn, ọwọ́ mi máa ń ṣìnà lórí maṣíìnì. Bí kò bá dùn, ojú ìránṣọ á tọ́ geere. Nítorí náà, iye ìgbà tí mo bá ní láti tú iṣẹ́ ni máàkì fíìmù. Ẹ ò rí i pé ó mọ́gbọ́n dání? Fíìmù kan wá jáde tó gba méje. Ṣòkòtò tí mò ń rán lọ́jọ́ náà jẹ́ ti bàbá kan tó ń lẹ táyà lójú pópó. Nígbà tí wọ́n gbé e wọ̀, wọ́n wo ẹsẹ̀ ọ̀tún, wọ́n wo ẹsẹ̀ òsì, wọ́n wá bi mí pẹ̀lú sùúrù pé, "Àǹtí, ṣé ẹ rò pé mò ń tiro ni?" Mo tún ṣòkòtò náà rán lọ́fẹ̀ẹ́, mo sì fi òṣùwọ̀n kejì sílẹ̀ fún ẹni tí kì í ṣe aránṣọ.

Ẹ̀kẹta ni mo gbà pé ó pé: ọgọ́rùn-ún máàkì, tí mo pín sí ọ̀nà mẹ́rin. Ìtàn, ogójì. Aṣọ tí wọ́n wọ̀, ọgbọ̀n. Ọ̀rọ̀ ẹnu, ogún. Ìparí, mẹ́wàá. Mo mọ̀ pé ti aṣọ pọ̀ jù, àmọ́ ta ló ń fún wọn ní máàkì?

Orí òṣùwọ̀n yìí ni mo wà nígbà tí Mọ́mì wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyá tó ni ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà ní òpópónà kejì. Aránṣọ tó ń rán yúnífọ́ọ̀mù wọn ti kó lọ sí Ìfọ̀, wọ́n sì ń wá ẹlòmíràn. Wọ́n gbé aṣọ funfun kan fún mi, ó fẹ́lẹ́ bí awọ inú ẹyin. Wọ́n ní kí n fi rán búláòsì tí wọn yóò wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n máa fún àwọn ọmọ lẹ́bùn, kí n ṣe kọ́là ńlá kan sí i tó máa wọ́ dé àárín ẹ̀yìn.

"Tó bá wọ̀ mí dáadáa," ni wọ́n wí, "ẹ mú téèpù yín wá sílé-ìwé lọ́jọ́ Ajé, kẹ́ ẹ wá wọn àwọn ọmọ."

Gbogbo àwọn ọmọ ilé-ìwé náà! Bí mo bá gba iṣẹ́ yẹn, mo di aránṣọ ní Mowe nìyẹn. Bí mi ò bá gbà á, síìpù ni títí màá fi kó ẹrù padà sí Ajuwọn. Mo wọn ọrùn Mọ́mì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n sì ń wò mí pé ṣé ọrùn náà ń yí padà ni.

Ní Ọjọ́bọ̀, búláòsì ti parí, ó ku kọ́là. Mo nawọ́ mú sitéè, kò sí. Mo lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á, wọ́n ní ó lọ sìnkú ní ìlú rẹ̀. Mo bá ki ọwọ́ bọ inú àpò àkékù, mo fa èyí tó wà ní kíká jáde, mo gé kọ́là lára rẹ̀ bó ṣe wà níbẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni ìyàwó inú fíìmù fẹ́ mọ àṣírí ọkọ rẹ̀ lórí fóònù mi, mo sì ń ṣírò lọ́kàn mi bóyá mẹ́fà ni ìparí náà yẹ fún tàbí méje. Ọwọ́ mi tú sitéè, ọwọ́ mi gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú lé e, ọwọ́ mi fi aṣọ kejì bò ó, ó sì rán an pa. Gbogbo iṣẹ́ náà, ọwọ́ nìkan ló ṣe é. Ojú wà lọ́dọ̀ ìyàwó yẹn.

Nígbà tí Mọ́mì gbé e wọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì, ó jókòó sára wọn bí ẹni pé inú rẹ̀ ni wọ́n bí wọn sí. Wọ́n yí ẹ̀yìn sí dígí, wọ́n ní kọ́là náà dúró dáadáa, wọ́n sì ní kí n wá lọ́jọ́ kejì láti wá wo iṣẹ́ ọwọ́ mi.

Èmi àti Ìyá Mùtíátù la jọ lọ. Abẹ́ kánópì la jókòó sí, ìlà kẹta. Mọ́mì dìde, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ látorí ọjọ́ tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ ilé-ìwé lélẹ̀, wọ́n sì fẹsẹ̀ rìn wá díẹ̀díẹ̀ láti ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n bọ́ síta láti fún àwọn ọmọ lẹ́bùn. Òjò wínníwínní ti bẹ̀rẹ̀, àmọ́ wọn kò kà á sí.

Aṣọ funfun yẹn mumi, ó lẹ̀ mọ́ra. Nǹkan dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́yìn wọn, bí ìgbà tí èèrà bá ń tò bọ̀. Mo rò pé ìdọ̀tí ni. Lẹ́yìn náà ni mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé ara mi.

"Ìwọ aránṣọ yìí," ni Ìyá Mùtíátù sọ sí mi létí, "ṣé kì í ṣe ògiri rẹ ni mò ń wò lẹ́yìn ìyá yẹn?"

Kí n tó lè fèsì, ọmọbìnrin kékeré kan láti kíláàsì kẹta ti bọ́ síwájú. Òun ló gba ẹ̀bùn ìwé kíkà Yorùbá, wọ́n sì fẹ́ kó kàwé sétí gbogbo òbí. Ìwé tó máa kà ti tutù, Mọ́mì bá yíjú padà láti pe olùkọ́ kó mú òmíràn wá. Ẹ̀yìn wọn wá kọjú sí ọmọ náà, ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì ti wà lẹ́nu rẹ̀. Wọ́n kọ́ ọmọ yìí dáadáa. Ohunkóhun tí wọ́n bá kọ ni ó máa ń kà.

"Ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa," ló kà, ohùn rẹ̀ já gaara. "Ẹnu pọ̀ jù. Mẹ́rin nínú mẹ́wàá."

Bàbá kan tiẹ̀ pàtẹ́wọ́, ó rò pé ewì ni. Àwọn tó kù wo ẹ̀yìn Mọ́mì, wọ́n rántí bí ọ̀rọ̀ wọn ṣe gùn tó, ni wọ́n bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹsẹ̀ mi fẹ́ sá lọ. Mo mọ ọ̀nà ìta, mo sì mọ ibi tí màá ti rí ọkọ̀ Ajuwọn wọ̀. Àmọ́ Mọ́mì ń wo ọ̀tún wo òsì, wọn kò mọ ohun tí wọ́n ṣe, ojú wọn sì dà bí ti ọmọdé tí wọ́n pè síwájú kíláàsì. Èmi ni mo fi wọ́n síbẹ̀. Mo dìde, èmi tí kì í sọ̀rọ̀ níbi tí èèyàn bá ti ju mẹ́ta lọ, mo rìn la àárín gbogbo òbí kọjá, mo fi ìborùn mi bo èjìká wọn, mo sì kúnlẹ̀ sínú omi.

Inú ọ́fíìsì la ti padà pàdé. Wọ́n ti pààrọ̀ aṣọ, wọ́n sì tẹ́ búláòsì náà sórí tábìlì bí ìwé ìdánwò.

"Ta ni mẹ́rin nínú mẹ́wàá?" ni wọ́n bi mí.

"Fíìmù ni, mà. Kì í ṣe ẹ̀yin."

Wọ́n ní kí n jókòó, kí n ṣàlàyé. Mo sọ gbogbo rẹ̀, láti orí ìwé olóròóró dé orí ìyàwó tó fẹ́ mọ àṣírí ọkọ. Wọ́n gbọ́ ọ títí dópin láìrẹ́rìn-ín. Wọ́n wá béèrè ohun tí fíìmù náà ṣe tí mo fi yọ máàkì mẹ́fà lára rẹ̀. Mo ronú títí, mi ò rántí. Ohun tí mo rántí kò ju pé ẹnu pọ̀ jù.

"Ohun tí ọkọ mi náà sọ fún mi láàárọ̀ yìí nìyẹn, nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ mi fún wọn," ni Mọ́mì wí.

Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti kọ́kọ́ fẹ́ yọ lẹ́nu wọn, àmọ́ wọ́n gbé e mì. Wọ́n mú báírò pupa, wọ́n fa kọ́là náà mọ́ra, wọ́n sì kọ̀wé sí i lára lójú mi: "Rírán, mẹ́sàn-án. Ìfojúsí, méjì."

"Nílé-ìwé mi," ni wọ́n wí, "a kì í lé ọmọ tó gba méjì. A máa ń ní kó tún un ṣe ni. Ẹ mú kọ́là míì wá lọ́jọ́ Ajé."

Mo pa fóònù, mo rán kọ́là náà láàárín wákàtí kan. Lọ́jọ́ Ajé, Mọ́mì gbé e sójú oòrùn, wọ́n yí i lọ, wọ́n yí i bọ̀. Wọn kò fún mi ní gbogbo ilé-ìwé. Wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, ká sì jọ máa wò ó. Mo dúpẹ́ títí wọ́n fi ní ó tó.

Mo ṣì ń fún fíìmù ní máàkì, lórí mẹ́wàá náà ni, àmọ́ inú ìwé ni mò ń kọ ọ́ sí, lẹ́yìn tí mo bá ti pa maṣíìnì. Ohun tó dára ni mo máa ń kọ́kọ́ kọ, mo á sì kọ ìdí tí mo fi yọ ohun tí mo yọ. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé máàkì tí ojú á ti èèyàn tí wọ́n bá kà á síta, kò tíì yẹ ní kíkọ.

Ọmọ kẹrin tí mo wọn lọ́jọ́ Ajé yẹn ga tó orúnkún mi. Ó na ọwọ́ méjèèjì bí mo ṣe ní kó ṣe, ó wá bi mí pé kí ni mo máa kọ sẹ́yìn tiẹ̀. Mo ní mi ò ní kọ nǹkan kan. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, omi sì ti fẹ́ dà níbẹ̀.

"Ẹ kọ mẹ́wàá sí i," ló bẹ̀ mí. "Mi ò ní jẹ́ kí òjò pa á."

Mo wo ẹ̀yìn mi bóyá Mọ́mì ń bọ̀, ẹ̀rín sì ń pa mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbàgbé iye inṣì tí àyà ọmọ náà jẹ́. Ó di dandan kí n tún un wọn.