Kánólì Tí Ìyá Fádérera Gún Lódó

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í ń le? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á lásán ni. Ẹ jókòó dáadáa. Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún yín pé òwe náà ti wà kí wọ́n tó bí obìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ẹ bi í léèrè bóyá ó wà níbẹ̀. Èmi mọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀.

Ìyá Fádérera, ará Ìjerò ní Èkìtì, ló ni ọ̀rọ̀. Obìnrin náà mọ iyán gún. Bó bá ti gbé ọmọ odó sókè, iṣu ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ bùṣe. Kókó kan kò sí nínú iyán rẹ̀ rí, òun fúnra rẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó ku díẹ̀ kí ẹbí Adéyanjú wá tọrọ Fádérera, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ìyá Adéyanjú pè é lórí fóònù. Ìlú Pàlẹ́mò ní Ítálì ni ìyá yìí ti ṣiṣẹ́ títí kó tó padà wálé, ìdí nìyẹn tí gbogbo ènìyàn fi ń pè é ní Màmá Pàlẹ́mò.

"Àna mi, ẹ má da ara yín láàmú nítorí ìpanu," Màmá Pàlẹ́mò wí. "Èmi á dín kánólì, ìpanu àwọn ará Ítálì, wá. Bàbá Fálúyì, olórí ẹbí wa, fẹ́ràn rẹ̀ ju ẹran lọ."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Ìyá Fádérera wọ eegun. Kí àlejò gbé oúnjẹ wá sílé òun lọ́jọ́ tí wọ́n ń wá tọrọ ọmọ òun? Kí wọ́n wá máa sọ káàkiri pé Fádérera kò rí ìyá tó lè dáná?

"Láéláé," ó ní. "Ẹ ṣáà sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é fún mi."

Màmá Pàlẹ́mò sọ ọ́. Ẹ po fúláwà mọ́ bọ́tà, ṣúgà àti wáìnì díẹ̀. Ẹ yí i kó fẹ́lẹ́, ẹ we é mọ́ ọ̀pá irin kékeré, ẹ fi òróró dín in. Bó bá tutù, ẹ yọ ọ̀pá náà, ẹ wá ki wàrà dídùn sínú ihò rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ rọra pò ó o. Bí ẹ bá sì pò ó tán, ẹ jẹ́ kó sinmi."

Ìyá Fádérera gbé fóònù sílẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀. "Kí ó sinmi? Fúláwà? Iṣẹ́ wo ló ṣe?"

Nígbà tí ọjọ́ pé, ó fi ẹmu rọ́pò wáìnì, ó gé ọparun wẹ́wẹ́ dípò irin, ó sì fọwọ́ rọra tẹ wàrà pẹ̀lú ṣúgà títí ó fi kúnná. N kò ní purọ́ mọ́ ọn, gbogbo ìyẹn dára. Fúláwà ni kò gbọ́ràn. Ó pò ó, ó yi. Ó tún un pò, ó tún yi.

"Fádérera, bá mi gbé odó."

"Màámi, wọ́n ní ẹ rọra pò ó."

"Ìwọ ni wọ́n ń bọ̀ wá fẹ́. Wọn kò wá kọ́ èmi ní oúnjẹ sísè."

Ó gbájá mọ́ ìdí, ó pe Ìyá Bámitálẹ̀, aládùúgbò rẹ̀, pé kó gbé ọmọ odó kejì wá. Pọ̀-ùn! Pọ̀-ùn! Àwọn adìẹ sá kúrò ní àgbàlá. Ọkọ rẹ̀ yọrí lójú fèrèsé. "Ṣé iyán la fẹ́ jẹ ni?"

"Kánólì ni, Bàbá Fádérera. Ẹ wọlé."

Bó bá fi ìgò yí fúláwà náà kó fẹ̀, á tún súnkì padà bíi rọ́bà. Inú rẹ̀ dùn sí i. "Ẹ ò rí bó ṣe lágbára?" Ó fi tipátipá we é mọ́ ọparun, ó dín in, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú. Ṣùgbọ́n ọparun kò jáde. Ìyá Bámitálẹ̀ di orí kan mú, òun náà di orí kejì mú, wọ́n fà á títí àwọn méjèèjì fi fìdí jókòó. Bí wọ́n ṣe fa gbogbo ọparun náà yọ nìyẹn, kò sì sí kánólì tó fọ́; wọ́n wá ki wàrà sínú wọn.

"Ti òyìnbó máa ń fọ́," Ìyá Fádérera wí. "Tèmi kò fọ́."

"Màámi, ẹ jẹ́ ká tọ́ ọ wò."

"Ta ló ń tọ́ iyán wò nílé yìí? Ojú ni mo fi ń mọ̀ ọ́n."

Àlejò dé, wọ́n gbé kánólì jáde. Bàbá Fálúyì ní kí ọkọ ìyàwó kọ́kọ́ jẹ oúnjẹ àna rẹ̀. Adéyanjú dọ̀bálẹ̀, ó gbà á, ó gé e jẹ, kò gé. Ó bá ń fà á mu bí ìrèké. "Ó dùn, Màámi," ó wí, omi lé ròrò sójú rẹ̀. Àǹtí rẹ̀ fi tirẹ̀ kan ẹsẹ̀ tábìlì kó lè fọ́, ẹsẹ̀ tábìlì ló sán. Ọ̀kan já bọ́, ó yí lọ bá ajá lẹ́nu ọ̀nà. Ajá gé e jẹ lẹ́ẹ̀kan, ó gbé e sílẹ̀, ó sì kọjá sílé kejì.

Ìyá Fádérera rí i. Ó sáré lọ sọ́dọ̀ Bàbá Fálúyì. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e kúrò."

"Kánólì? Ẹ fi mí sílẹ̀." Eyín iwájú kan ṣoṣo ló kù sí bàbá lẹ́nu, ó sì máa ń fi yangàn. Ó ya ẹnu, ó gé e tagbára-tagbára. Ó ró pá! Gbogbo ilé mí kanlẹ̀, wọ́n rò pé kánólì ló fọ́.

Kánólì kọ́. Bàbá gbé e wò, eyín rẹ̀ dúró ṣánṣán létí rẹ̀ bí ìṣó lára pákó.

Ìyá Fádérera kúnlẹ̀, ojú tì í débi pé kò lè gbórí sókè. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹ̀ṣẹ̀ tèmi jẹ ọmọ mi níyà."

"Àna mi," Màmá Pàlẹ́mò wí jẹ́jẹ́, "báwo lẹ ṣe pò ó?"

"Mo gún un."

"Ẹ ṣe é báwo?"

"Mo gún un lódó."

"Ṣé ó tiẹ̀ sinmi?"

Ìyá Bámitálẹ̀ dáhùn láti ẹnu ọ̀nà. "Àwa gan-an ò sinmi."

Bàbá Fálúyì ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín, èrìgì rẹ̀ hàn gbangba. Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín títí, kó tó gbọ́wọ́ sókè pé kí wọ́n dákẹ́. Ó fìka lá wàrà inú kánólì náà.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi, wàrà yìí dùn, wọ́n rọra fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ ni. Fúláwà ńkọ́? Ẹ wo eyín mi. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í ń le." Ó yíjú sí Ìyá Fádérera. "Ẹ dìde, ìyá. A wá tọrọ ọmọ, a sì ti fi eyín sílẹ̀. Ó kù kí ẹ fún wa lọ́mọ."

Wọ́n fún wọn. Lónìí, bí Ìyá Fádérera bá po fúláwà, aṣọ ló fi ń bò ó, bí ọkọ rẹ̀ bá sì pariwo, á ní, "Ẹ rọra, ó ń sinmi." Ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú kánólì ọjọ́ náà ṣì wà nílé rẹ̀, òun ni wọ́n fi ń dá ilẹ̀kùn pálọ̀ dúró. Òjò kò rí i ṣe, eku kò rí i ṣe. Ẹni tí kò bá gbà pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í ń le, kó lọ gé ti ìdí ilẹ̀kùn yẹn jẹ.