Okùn fún Gbogbo Bàbá Òkè-Igbá

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin ará Òkè-Igbá, ẹ sọ ọkọ́ kalẹ̀! Baálẹ̀ ń kí yín. Wọ́n ní etí àwọn gbọ́ dáadáa.

Lọ́jọ́rú, nọ́ọ̀sì wá bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀ ìfètò-sọ́mọ-bíbí. Ó gbé nǹkan kékeré kan sókè. Ó ní bàbà ni, bàbà inú wáyà iná. Ó ní bàbà yìí yóò wọ ilé ọmọ, yóò jókòó síbẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá, ìyá kò ní í lóyún. Ẹ̀yìn pátápátá ni Baálẹ̀ jókòó sí. Bàbá ni wọ́n gbọ́! Yàrá àwọn ọmọ ni wọ́n pè ní ilé ọmọ!

Mo ṣàlàyé. Wọ́n ní èmi tí mo sá kúrò níléèwé ní kíláàsì kẹrin, kí ni mo mọ̀? Lójú àwọn àna mi! Ó dáa. Bí wọ́n ṣe rán mi ni mo ṣe ń jẹ́ ẹ.

Èkíní! Gbogbo bàbá ọlọ́mọ yóò wọ yàrá àwọn ọmọ lọ́la. Ọdún mẹ́wàá! Mo ní ọdún mẹ́wàá! Ẹni tó ń hanrun, kó hanrun síbẹ̀. Baálẹ̀ bí mọ́kànlá. Okùn tí a ó so mọ́ wọn ni mo kọ́kọ́ lọ́.

Èkejì! Nọ́ọ̀sì ní okùn wà lára bàbà náà. Nítorí náà, a ó so okùn mọ́ bàbá kọ̀ọ̀kan ní ìbàdí. Ìyàwó yóò máa fọwọ́ kàn án lóṣooṣù, kó mọ̀ pé bàbá kò tíì já bọ́.

Ẹ̀kẹta! Bí ìyá bá tún fẹ́ ọmọ, nọ́ọ̀sì ni yóò fa bàbá jáde. Bàbá kò gbọdọ̀ fa ara rẹ̀ jáde!

Ẹ̀kẹrin! Ẹyọ kan ló ń wọ ilé ọmọ kan. Níbi tí nọ́ọ̀sì bá ti fi ọ̀kan sí, a kò gbọdọ̀ fi èkejì kún un.

Ẹni tó bá tú okùn, aṣọ ìtọ̀ gbogbo ọmọ àdúgbò ni yóò fọ̀ fún oṣù mẹ́ta. Láríndé, ìwọ tí ewúrẹ́ rẹ jẹ èbù iṣu mi lọ́dún méje sẹ́yìn, ìwọ ni mo ń wò!

Ìyàwó tèmi, Ìyá Abíọ́nà, ti bí méje. Ọdún méjì ló fi ń bẹ̀ mí pé òun fẹ́ bàbà yìí, kí ara òun sinmi. Mo ní rárá. Lánàá, ó fi okùn wọn ìbàdí mi. Ó ní, olówó orí mi, ó mà bá yín mu o! Àwọn ọmọ sì ti ń jà lórí ẹni tí yóò fi ikùn mi ṣe ìrọ̀rí.

N kò yí ọ̀rọ̀ mi padà o! Òfin kẹrin ni mo ń tẹ̀lé: ẹyọ kan, ilé ọmọ kan!

Ẹni tó wà nílé, kó wí fún ẹni tó wà lóko. Mo ti jíṣẹ́. Ẹ yà lọ́nà! Mo ń sin ìyàwó mi lọ bá nọ́ọ̀sì.